Ìdáhùn Tí Ọwọ́ Mi Yí Padà

Ọwọ́ mi ti wà lókè nígbà tí mo tún gbé e wálẹ̀. Dókítà tó ń díje nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú wa, tó fẹ́ ṣe ààrẹ, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí pèpéle. Ó ti kí gbogbo ilé, ó sì ń retí kí n máa fi ọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn arúgbó tó jókòó níwájú. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kún. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ràn wà lẹ́yìn. Àwọn tí ẹ̀rọ ìhunṣọ ti ba etí wọn jẹ́ wà níwájú, iyàwó mi sì wà láàárín wọn, ó wọ bàtà tuntun, ó ń wò mí. Mo sọ fún Dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún mi láyè díẹ̀. N kò lè sọ ọ̀rọ̀ tiyín kí n tó sọ tèmi." Ó rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ mí. Ó gbé ife omi rẹ̀ fún mi. Mo gbé e sílẹ̀. Mo fi ẹnu sọ ọ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́, mo sì fi ọwọ́ sọ ọ́ kí àwọn tó wà níwájú lè rí i, pé ohun kan wà tí mo ti fi pamọ́ fún wọn láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, àti pé òní ni yóò jáde. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà ni mo kọ síbí, fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. N kò bù mọ́ ọn. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ilé-iṣẹ́ aṣọ ni gbogbo wa ti ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá wọ yàrá ìhunṣọ rí kò lè mọ ariwo tí mo ń sọ. Ẹ̀rọ tò láti ògiri dé ògiri, gbogbo wọn ń lu pọ̀, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ bàtà. Bí ènìyàn bá pariwo sí ọ lójú, ẹnu rẹ̀ nìkan ni wàá rí tó ń là. Nítorí náà ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Kò sí ilé-ìwé tí a ti kọ́ ọ. Àwọn tó ṣáájú wa ló fi lé wa lọ́wọ́, àwa náà fi tiwa kún un. Ìka méjì tí a gbé kọ́ ara wọn: òwú já. Àtẹ́lẹwọ́ tó rọra sọ̀kalẹ̀: pa ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fa etí ara rẹ̀ méjèèjì, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló ń bọ̀, nítorí etí ọkùnrin náà tóbi. Bó bá ti wọlé, gbogbo yàrá á máa fa etí. Ó rò pé à ń kí òun ni, òun náà á sì fa tirẹ̀.

Mẹkáníìkì ni mí. Yàrá àtúnṣe wa wà lẹ́yìn ògiri tó nípọn, ìdí nìyẹn tí etí mi kò fi bàjẹ́ tó tiwọn. Mo ń wọlé, mo ń jáde, mo mọ àmì gbogbo ìlà, ọwọ́ mi sì yá. Wọ́n ń pè mí ní Ọlọ́wọ́. Bí ẹgbẹ́ bá ń ṣèpàdé, èmi ni mo ń dúró níwájú láti sọ ohun tí wọ́n wí fún àwọn tí kò gbọ́ràn mọ́. Wọ́n gbà mí gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ. Wọ́n gbà mí gbọ́.

Ibi ẹ̀rọ ni mo ti rí iyàwó mi, ní ìlà tó sún mọ́ fèrèsé. Ihò kékeré kan wà ní àgbọ̀n rẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀, nítorí náà mo fi ìka kan àgbọ̀n ara mi láti pè é. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ nìyẹn lọ́wọ́ mi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ sọ pé: òróró wà nímú rẹ. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A fẹ́ra, a bí ọmọbìnrin kan. Ṣùgbọ́n nílé, iyàwó mi kì í wò mí púpọ̀. Ó ní rédíò kan tí bàbá rẹ̀ fún un. Bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, á tàn án, á kẹ́yìn sí mi, á máa bá rédíò rẹ́rìn-ín. Orin, ìròyìn, ìpolówó ọṣẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Bí mo bá la ẹnu, á ní, "Dákẹ́ ná, Ọlọ́wọ́, ọkùnrin yìí ń sọ nǹkan." Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọkọ méjì ló ń gbé ilé wa, pé èmi sì ni àbúrò. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tèmi kì í dénú.

Nígbà tó yá, mo rí i pé ó ń yí rédíò sókè. Ó yí i sókè títí aládùúgbò fi wá kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó pa á, kò sì tàn án mọ́. Ó wá yí àga rẹ̀ kọjú sí mi. Ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá jẹun tán, ó ń wo ẹnu mi, ó ń wo ọwọ́ mi. Ìròyìn tí rédíò ì bá sọ fún un, èmi ni mo ń sọ ọ́. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ di onísọ̀rọ̀. Ó sunkún nítorí etí rẹ̀, mo nu omijé rẹ̀, inú mi sì ń dùn. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́, kí n tó gbé ọwọ́ sókè rárá.

Ọdún náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú wa fẹ́ yan ẹni tí yóò díje fún ipò ààrẹ. Ẹni méjì ló kù nínú ìbò abẹ́lé. Ọ̀kan ti ṣe mínísítà ọkọ̀ ojú irin rí. Ó wá sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, ó bọ̀ wá lọ́wọ́, ó lọ. Kò ṣèlérí nǹkan kan, nítorí náà kò purọ́. Èkejì jẹ́ obìnrin tó ti ṣe olùkọ́, tó sì ti ṣe alága ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́. Olùkọ́ náà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Àbá tirẹ̀ ń lé oorun kúrò lójú àwọn ọlọ́rọ̀. Ó ní kí ìtọ́jú nílé ìwòsàn di ọ̀fẹ́ fún tolówó tòṣìṣẹ́. Ó ní kí wọ́n má lè lé ẹnikẹ́ni kúrò níṣẹ́ nítorí pé ó wọ ẹgbẹ́. Ó ní kí obìnrin tó bímọ máa gba owó oṣù rẹ̀ pé títí ọmọ náà á fi lè rá. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa ní aṣojú nínú ìbò abẹ́lé yẹn, ẹ̀ka wa ló sì tóbi jù. Ẹni tí a bá fọwọ́ sí ni wọ́n máa dìbò fún. Alága wa, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ọkùnrin kúkúrú tí a ń pè ní Ìdákọ̀ró nítorí pé kò sẹ́ni tó lè sún un kúrò níbi tó bá dúró sí, sọ fún mi pé, "Ọlọ́wọ́, obìnrin yìí ni tiwa. Ká má tan ara wa jẹ." Iyàwó mi gé àwòrán rẹ̀ láti inú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa.

Nígbà tí Olùkọ́ fẹ́ wá bá wa sọ̀rọ̀, ọ̀gá elétí ńlá gbà, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ dúró. Ó rò pé òun ti gbọ́n. Kí obìnrin náà máa sọ̀rọ̀ nínú ariwo, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ. Ìdákọ̀ró rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní, "Ọ̀gá gbàgbé pé a ní Ọlọ́wọ́." Wọ́n gbé àpótí òwú méjì sí àárín yàrá. Mo gun ọ̀kan, Olùkọ́ gun èkejì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu rẹ̀ ká mọ́ etí mi, bí ẹni tó ń dáàbò bo iná lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Ẹni tó mọ ẹnu wò pàápàá kò lè rí ẹnu rẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń gbọ́. Ojú gbogbo yàrá wà lára ọwọ́ mi.

Mo sọ òtítọ́. Ohun tó sọ nípa ilé ìwòsàn, mo sọ ọ́ bó ṣe wà. Ìyá Ìbejì, tí ẹ̀rọ tirẹ̀ kangun sí ti iyàwó mi, ń fi èjìká jó. Ohun tó sọ nípa àwọn tó bímọ, mo sọ ọ́, àwọn ọmọbìnrin sì ń na ọwọ́ sókè láti ìdí ẹ̀rọ wọn. Ọwọ́ mi kò yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín Olùkọ́ nínú etí mi.

Iyàwó mi gbé ọwọ́ sókè. Kì í sábà béèrè nǹkan níwájú ènìyàn. Ó fi ìka kan etí rẹ̀, ó di ẹ̀ṣẹ́ lé e, ó tọ́ka sí ara rẹ̀, sí Ìyá Ìbejì, sí gbogbo ìlà náà: àwa tí etí wa ti ń lọ ńkọ́? Mo sọ ọ́ fún Olùkọ́. Obìnrin náà wo òwú orí ẹ̀rọ wọn, ó wá wo ojú wọn. Ohun tó wá sọ ṣì wà nínú etí mi. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé àwọn ni mo máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Dókítà á wá yẹ etí wọn wò níbí gan-an. Ẹni tó bá nílò ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì sétí á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí. Ẹ̀rọ ìhunṣọ wọ̀nyí náà, a máa sọ ọ́ di òfin pé kí wọ́n dín ariwo wọn kù. Àbúrò ìyá mi hunṣọ, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Mo gbé ọwọ́ sókè láti sọ ọ́. Iyàwó mi ń wò mí, pẹ̀lú gbogbo ojú rẹ̀, bó ṣe ń wò mí ní ìrọ̀lẹ́. Mo rí rédíò. N kò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí i tí wọ́n tàn án, mo sì rí ẹ̀yìn iyàwó mi. Mo fi ọwọ́ sọ pé: ó ní ti àwọn tuntun ni òun lè ṣe. Tiyín ti bọ́. Kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́.

Ìka mi kò gbọ̀n. Lónìí tí mo ti darúgbó ni wọ́n ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ náà wọ́n dúró ṣinṣin.

Èjìká Ìyá Ìbejì dúró. Ó fi ọwọ́ sọ fún iyàwó mi pé: ṣé o rí i? A ti di àlòkù. Iyàwó mi yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń wá òwú tó já, kò sì sí èyí tó já. Olùkọ́ rí i pé ojú wọn ti yí padà. Ó béèrè létí mi pé, "Kí ló dé? Ṣé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni?" Mo ní, "Rárá, mà. Ọ̀rọ̀ yín ló wọ̀ wọ́n lára." Òun náà gbà mí gbọ́. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ yín mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹnu mi lọ."

Nígbà tí a ṣíwọ́, a dìbò ní àgbàlá. Ẹni tó fẹ́ Olùkọ́ dúró síbi tí a ń to kẹ̀kẹ́ sí, ẹni tó fẹ́ Mínísítà dúró sára ògiri. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìlà tó sún mọ́ fèrèsé ló pín wọn níyà. Wọ́n jọ lọ sára ògiri, Ìyá Ìbejì ló ṣáájú wọn. Iyàwó mi nìkan nínú ìlà náà ló dúró ti kẹ̀kẹ́. Mo bi í léèrè nígbà tí à ń lọ sílé. Mo ní, ṣé o kò rí ohun tó sọ ni? Ó ní, "Mo rí i. Àwọn tuntun náà ní etí." Ohun tó sọ nìyẹn. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà, ó rò pé àárẹ̀ ló mú mi, ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí.

Ìdákọ̀ró wá bá mi ní yàrá àtúnṣe. Ó ní, "Ọlọ́wọ́, ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?" Mo ní, "Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn." Ó mi orí, ó lọ. Kò béèrè mọ́ títí ó fi kú. Kí ìbò abẹ́lé tó dé, ìwé ìròyìn kan gbé e jáde pé Olùkọ́ ti ṣèlérí ẹ̀rọ etí fún gbogbo òṣìṣẹ́ tí ariwo ti ba etí wọn jẹ́, àwọn àtijọ́ àti àwọn tuntun. Ẹnì kan mú un wá sí ibi tí a ti ń jẹun. Ó nà án sókè, ó ní, "Ẹ wá wo obìnrin yìí! Ó sọ tibí fún wa, ó sọ tọ̀hún fún àwọn oníròyìn. Gbogbo wọn, ọ̀kan náà ni wọ́n." Àyè ṣì wà láti tún ìbò ẹ̀ka wa dì. Bí mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, à bá tún un dì. Tíì ni mo ń mu. Mo mu ún tán, mo fọ ife, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ife tíì yẹn ló burú jù. Èyí tí mo fi ọwọ́ ṣe kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Eléyìí, mo jókòó ti í.

Olùkọ́ pàdánù. Ìbò tí Mínísítà fi jù ú lọ kò tó iye aṣojú tí ẹgbẹ́ wa rán lọ. Mínísítà di ààrẹ. Ó tún ojú irin ṣe. Kò sẹ́ni tó tún gbọ́ nípa etí wa. Olùkọ́ padà sí ilé-ìwé, mo sì ka ìròyìn ikú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí etí iyàwó mi ti dí, ọmọbìnrin wa mú un lọ sílé ìwòsàn ńlá. Dókítà ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ̀rọ kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti wá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ni, à bá rí nǹkan ṣe." Ọmọ mi yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa sọ ọ́ fún màámi." Èmi náà ni. Mo fi ọwọ́ sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe wí, n kò yọ nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wá fi ọwọ́ pa mí lórí, bí ẹni pé èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún.

Gbogbo èyí ni mo sọ lórí pèpéle. Mo ṣe tán. Dókítà tó ń díje wo ilẹ̀. Ìyá Ìbejì bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó jù ú lù mí, ó bà mí léjìká. Ó bọ́ èkejì, ìyẹn ba tábìlì. Iyàwó mi dìde. Ó pẹ́ tó ti fi ẹnu sọ̀rọ̀ níta, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè jù, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ọ. Ó ní, "Nítorí kí n lè máa wò ẹ́? Ìwọ ọkùnrin yìí! Etí mi kò tíì dí tí mo ti ń wò ẹ́. Ta lo rò pé ó rí òróró nímú rẹ?" Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ń kẹ́yìn sí ọ torí mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀." Ó mú àpò rẹ̀. Ìyá Ìbejì tẹ̀ lé e láìwọ bàtà.

Ẹgbẹ́ kò lé mi. Wọ́n ní kí n jókòó. Obìnrin méjì láti ìlà iyàwó mi ló bọ́ síwájú, ọ̀kan dúró lọ́tùn-ún Dókítà, ọ̀kan dúró lósì, wọ́n jọ ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ọwọ́ ara wọn. Bó ṣe yẹ kó rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́, ohun tí mo ní fún yín kò ju ìyẹn lọ. Ẹ má ṣe fi gbogbo etí yín sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó, bó ti wù kóun náà fẹ́ràn yín tó. Àwọn tó wà nínú ìlà yẹn, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ọmọ Olùkọ́, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, ìyá yín kò sọ̀rọ̀ méjì. Èmi ni.

Nílé, iyàwó mi kẹ́yìn sí mi. Kò sùn síbòmíràn, kò kúrò nínú ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Ojú ló fi ń gbọ́ràn, nítorí náà n kò rí ọ̀nà tí mo lè gbà bẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé tíì síwájú mi, ó yí àga rẹ̀ kọjú sí mi, ó jókòó. Ó fi ọwọ́ sọ pé: ó yá, kí ni obìnrin yẹn sọ? Sọ gbogbo rẹ̀. Má yọ nǹkan. Mo gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ń gbọ̀n. Mo sọ ti dókítà tó máa wá yẹ etí wọn wò, mo sọ ti ẹ̀rọ etí lọ́fẹ̀ẹ́, mo sọ ti òfin ariwo, mo sọ ti àbúrò ìyá rẹ̀. Ọwọ́ mi kò já geere mọ́, ó ní kí n tún ibì kan sọ, mo tún un sọ. Ó wò ó dé òpin. Ó ní, "Àbúrò ìyá rẹ̀ hunṣọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Mo fura. Ó wo òwú kó tó wò wá." Ó ní kí n mu tíì mi, ó ti ń tutù.

Etí ọ̀tún rẹ̀ ti lọ pátápátá. Ti òsì ṣì ń gbọ́ ilẹ̀kùn bí mo bá gbá a gidi, nítorí náà mo máa ń gbá a bí mo bá wọlé. Ìyẹn ló kù.